Ilé Wa Kì í Jò

Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ilé wa kì í jò. Omi òjò kàn máa ń gba òrùlé wọlé ni, á sì balẹ̀ sínú abọ́ aláwọ̀ búlúù tí ìyá mi gbé sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó, tó, tó, títí abọ́ á fi kún, tí wọ́n á ní kí n lọ dà á nù. Ṣùgbọ́n ilé kò jò. Bàbá mi ló ní kò jò, bàbá mi ló sì yẹ kó mọ̀, torí páànù ló ń tà ní Mowo, lẹ́bàá títì márosẹ̀. Tí ẹ bá rí òrùlé tó ń dán láti Ibereko títí dé ọ̀nà Imeke, tí ẹ sì béèrè, wọ́n á ní ọ̀dọ̀ Àlájì ni àwọn ti ra páànù rẹ̀. Ẹni tó ń bo orí gbogbo ayé, ṣé orí tiẹ̀ lè wà níta? Kò ṣeé ṣe. Abọ́ búlúù yẹn náà ní orúkọ, ìbùkún là ń pè é. ‘Mùfú, ìbùkún ti kún o, lọ dà á nù.’ Màá gbé ìbùkún jáde, màá dà á sí gọ́tà, màá gbé abọ́ padà kí òmíràn tún lè rí àyè wọlé. Títí dòní, tí ẹnikẹ́ni bá gbàdúrà pé kí Ọlọ́run rọ òjò ìbùkún lé mi lórí, ojú mi á kọ́kọ́ wá abọ́ kiri. Ti Àlájì yẹn náà, ẹ má jẹ́ kó ṣì yín lọ́nà. Bàbá mi kò tíì dé Mẹ́kà nígbà yẹn. Ojú inú rẹ̀ ló ti débẹ̀, àwọn ará Mowo sì bá a gbà bẹ́ẹ̀.

Apá ọ̀sà ni ilé wa wà ní Ibereko, ilé tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni Ìyá Àgbà máa ń jókòó sí láti àárọ̀. Ìyá tó bí ìyá mi ni, ọmọ Ègùn láti Imeke, òróró àgbọn ló ń ṣe tà. Ohun tó ń jí mi láràárọ̀ kì í ṣe àkùkọ, kì í sì í ṣe ìpè àdúrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá mi gbà pé ìpè àdúrà ni. Àgbọn ni, gbà, lórí òkúta, omi rẹ̀ á dà jáde, lẹ́yìn náà ìró ìrin á bẹ̀rẹ̀, haràn, haràn, haràn, bí ìgbà tí ẹni tí ara ń yún bá rí àyè họ ọ́. Èmi àti àbúrò mi obìnrin, Rúkà, la máa ń bá a rin ín kí a tó lọ síléèwé. Àjákù páànù láti ìsọ̀ bàbá mi ni wọ́n fi ìṣó dá ihò sí lára tí a fi ń rin ín. Àjákù yẹn nìkan ni páànù tí ìsọ̀ náà tíì fún ilé wa. Tí mọ́tò ò bá tíì pọ̀ ní títì, a máa ń gbọ́ òkun láti òdìkejì ọ̀sà, ó ń hó hùù lọ́nà jíjìn bí ìkòkò òróró tó ń sè nílé ẹlòmíràn. A kì í rí i láti ọ̀dọ̀ wa. Mo bi Ìyá Àgbà nígbà kan bóyá òkun ṣì máa ń hó lọ́sàn-án, torí tí ariwo mọ́tò bá ti bẹ̀rẹ̀ a kì í gbọ́ ọ mọ́. Ó wò mí bí ẹni tó la àgbọn tó bá a pé ó ti bàjẹ́. ‘Sé ìwọ lò ń bá a tan iná ìdí rẹ̀ ni? Bó o sùn, bó o jí, ó ń hó.’ Ègùn wà lẹ́nu rẹ̀, ‘s’ ló máa ń pe gbogbo ‘ṣ’, a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó sọ kò jọ wá lójú. Bó ṣe pè é la gbọ́.

Ohun tó mú ilé wa dáwọ́ jíjò dúró ni pé bàbá mi lọ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan wá láti Èkó, ó wọ kóòtù, kò wọ ìbọ̀sẹ̀, ó gba gbọ̀ngàn kan ní Àgbádárìgì, ó sì pe àwọn oníṣòwò jọ. Gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún wa nídìí oúnjẹ, ọkùnrin náà ní ayé kò sí níta rárá, inú orí ẹni ló wà. Ohun tí o bá gbà gbọ́, ó wà. Ohun tí o kò bá gbà, tí o kò wò, tí o kò pe orúkọ rẹ̀, kò sí. Àìsí, àìsàn, àìrójú, ẹnu wa ni gbogbo wọn ti ń jẹun, ebi ni ká fi pa wọ́n. Ìyá mi béèrè bóyá wọ́n fún wọn ní oúnjẹ níbẹ̀. ‘Bisikí àti omi ni,’ bàbá mi dáhùn, ‘ṣùgbọ́n a yó.’ Ó ra síídì ọkùnrin náà bọ̀, ó sì ń fi í sínú ẹ̀rọ láràárọ̀ lẹ́yìn àdúrà àsùbáà, tí ohùn aláìníbọ̀sẹ̀ náà á máa bá ìró àgbọn jà ní ìta. Áfà mọ́ṣáláṣí wa gbọ́ sí i. Ó ní Ẹnì kan ṣoṣo ló lè ní kí nǹkan wà kó sì wà, òun kò sì rò pé Ẹni náà ń ta páànù ní Mowo. Bàbá mi ní ìgbàgbọ́ Áfà ló kéré.

Bí òfin ṣe dé ilé wa nìyẹn. Tí wọ́n bá mú iná lọ, iná ò lọ, a kàn jókòó sínú ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò tíì mọ́ ọn rí ni. Tí ẹja kò bá sí nínú ọbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ pé kò sí. Rúkà, tó kéré jù nínú wa tó sì gbọ́n jù, á na ọwọ́ sí àwo, á ní, ‘Bàbá, ẹja mi ti yọ́ lọ sọ́dọ̀ yín o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi mú un.’ Bàbá mi á fi ìka méjì mú òfìfo nínú ọbẹ̀, á gbọn omi ọbẹ̀ nù lára rẹ̀, á fi lé e lọ́wọ́. Rúkà á jẹ ẹ́. Á jẹ ẹ́ tán, á wá fa egungun jáde láàárín eyín, á tò ó sí etí àwo. Bàbá mi máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní láti sọ èyí, kí ẹ má baà rò pé òǹrorò ni bàbá wa. Ó fẹ́ràn wa. Ó fẹ́ràn Rúkà jù, a sì mọ̀.

Ìyá Àgbà nìkan ni òfin náà kò mú, torí àna kì í fi òfin de àna. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi gbé àga lọ bá a nídìí ìkòkò, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí ẹlẹ́rìí. ‘Màmá,’ ó ní, ‘ẹ̀yin àgbà kúkú ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Kí ló dé tí ẹ kì í pe ejò ní ejò tí ilẹ̀ bá ti ṣú? Okùn lẹ máa ń pè é. Ẹ mọ̀ pé bí ẹnu kò bá ti pè é, kò sí.’

Ìyá Àgbà kò gbé ojú kúrò lórí òróró. ‘A kì í pè é kó má baà gbọ́ ni. Ohun tí ò sí, sé ó máa ń gbọ́ràn?’

‘Màmá, kò yé yín bí mo ṣe sọ ọ́ ni.’

‘Ó yé mi. Ẹni tó pe ejò ní okùn láyé ìgbà tiwa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ kó tó pè é. Ẹ̀yin, ẹ pè é ní okùn tán, ẹ tún fẹ́ fi so ewúrẹ́.’

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn Ègùn mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó gbé àga rẹ̀ wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì síídì tún bẹ̀rẹ̀.

Àìsàn ni òfin yìí le mọ́ jù lọ. Nílé wa, ara kì í ro èèyàn. Tí orí bá ń fọ́ ọ, ‘Ara mi le’ ni wàá wí. Tí ibà bá mú ọ, ‘Ara mi le gan-an.’ Tí o bá ń bì, ‘Ara mi le ju ti àná lọ.’ Èmi ni mo to ó bẹ́ẹ̀ fún Rúkà, ká lè máa fi bàbá wa ṣẹ̀fẹ̀, àfi bó ṣe di èdè ilé. Ìyá mi náà kọ́ ọ. Á kàn gbọ́ ‘gan-an’ yẹn láti yàrá kejì, á sì rọra lọ gbé ewé ka iná, tí bàbá mi bá béèrè á ní tíì ni. Ẹni tó wá wà nínú wàhálà ni ẹni tí ara rẹ̀ le lóòótọ́, torí kò rí nǹkan kan wí mọ́. Tí àlejò bá kí mi pé ‘Ṣé ara le?’ ńṣe ni mo máa ń dákẹ́, kí wọ́n má baà bu àgbo fún mi.

Nígbà tí òjò ọdún náà wá mú ilẹ̀ dáadáa, Ìyá Àgbà lọ ra àgbọn ní Imeke, òjò sì dá a dúró sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé dákẹ́. Ní òwúrọ̀ kan, mo ń gbé ìbùkún jáde, Rúkà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó fi orí ti òpó. ‘Bọ̀dá Mùfú,’ ó ní, ‘ara mi le ju ti àná lọ.’ Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní tèmi náà le, mo sì lọ da omi mi nù. Ẹ̀rín yẹn, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn tí mo bá ń da omi nù.

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Nígbà tí tíì kò ṣiṣẹ́, ó ní òun fẹ́ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé ìtọ́jú sí àdúgbò wa. Bàbá mi gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun á tẹ̀ lé wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ sọ̀rọ̀kọ́rọ̀ sí ọmọ òun lára. Mo bá wọn lọ.

‘Kí ló ṣe ọmọ yìí?’ ni nọ́ọ̀sì béèrè.

‘Kò sí nǹkan tó ṣe é,’ bàbá mi dáhùn. ‘Ara rẹ̀ le.’

Nọ́ọ̀sì wo ìyá mi. Ìyá mi wo bàbá mi. ‘Ara rẹ̀ le gan-an, mà,’ ni ó wí, ó sì fa ‘gan-an’ yẹn gùn bí okùn kànga, pé bóyá nọ́ọ̀sì á dì í mú. Nọ́ọ̀sì kò dì í mú. Kì í ṣe ará ilé wa.

‘Ìwọ ńkọ́, ọmọ dáadáa? Báwo ni ara?’

‘Ara mi le ju ti àná lọ, mà,’ ni Rúkà wí.

Ọmọ náà ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kó sọ, pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù fún un. Ibà ọ̀hún sì jẹ́ irú èyí tó ń lọ tó ń bọ̀. Ní àkókò tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ara sí Rúkà lábíyá, ibà ti jáde lọ ṣeré, ara rẹ̀ tutù bí ara ọ̀pọ̀lọ́. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun kò rí òbí tó gbé ọmọ alára líle wá kí òun rí. Ó fún un ní fítámì aláwọ̀ ọsàn, ó ní ká kí àwọn ará ilé. Bàbá mi rìn níwájú padà sílé bí ẹni tó jàre ẹjọ́. Ìyá mi ń wo ẹ̀yìn ní gbogbo ọ̀nà, bí ẹni tó gbàgbé ẹrù sílẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni gìrì mú Rúkà, bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé. Ọmọ náà nà gan-an lórí ẹní, ojú yí sókè, ara ń gbọ̀n, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́, ó wá ń wò bí ẹni tí kò sí nílé. Ìyá mi ń pe orúkọ rẹ̀. Bàbá mi di kẹ́tù àlùwàlá mú, kò dà á, kò gbé e kalẹ̀, ó ń sọ pé, ‘Ó ń sinmi ni. Ẹ má pariwo. Ó ń sinmi ni.’ Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé Ìyá Àgbà dé láti Imeke pẹ̀lú àgbọn rẹ̀. Ó wọlé, ó wo ọmọ, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e níwájú orí.

‘Àìsàn ni,’ ó ní. ‘Ọmọ yìí ń sàìsàn. Ibà ló mú un, gìrì ti gbé e, ó sì lè kú.’

Nílé wa. Ó pe gbogbo ohun tí a kì í pè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí tísà ṣe ń pe orúkọ ní kíláàsì, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé mò ń gbọ́ tí wọ́n ń dáhùn.

‘Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ sí i lára.’

‘Pa ẹnu rẹ mọ́. Gbé ọmọ.’

Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti fẹ́ ìyá mi, bí àgbà ni Ìyá Àgbà máa ń bọ̀wọ̀ fún un, torí àna ni. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Bàbá mi gbé ọmọ. Kẹ̀kẹ́ tó kó àgbọn wá ló gbé wa lọ, a kò tilẹ̀ ráyè kó àgbọn sílẹ̀ tán, àgbọn ń yí gbiri lábẹ́ ẹsẹ̀ wa títí a fi dé ọsibítù. Níbẹ̀, wọ́n tún béèrè ohun tó ṣe é. Bàbá mi la ẹnu. Ìyá Àgbà wò ó. Ó pa á dé.

Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, kò jí. Dókítà ní ọmọ náà kò mọ nǹkan kan báyìí, kò gbọ́, kò rí, ká máa fọkàn sí Ọlọ́run. Àwa tí aláìníbọ̀sẹ̀ ti kọ́, a gbà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò ṣí ojú, tí kò dáhùn, kò sí níbẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀ láti mú ìkòkò oúnjẹ. Àwọn aládùúgbò wá kí i, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé àga ló wà láàárín wọn. Ẹnì kan mú bisikí wá fún un, mo jẹ ẹ́, mo tiẹ̀ sọ fún un pé mo ń jẹ ẹ́, torí ta ló fẹ́ bínú? Ìyá Àgbà nìkan ló ń kí i láàárọ̀, á bi í bóyá ó sùn dáadáa, á dúró díẹ̀ kí èsì lè rí àyè, á wá máa fi òróró àgbọn ra á lẹ́sẹ̀. A rò pé ogbó ló ń ṣe é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá mi ti ìsọ̀ dé ọsibítù, ìyá mi àti Ìyá Àgbà lọ fọ aṣọ, èmi dùbúlẹ̀ lórí ẹní lẹ́bàá ògiri, ó rò pé mo ti sùn. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì.

‘Rúkà,’ ó ní, ‘ẹ̀rù ń bà mí.’

Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

‘Mi ò gbà á gbọ́ rárá, gbogbo ohun tí mò ń sọ nílé yẹn. Ọjà ò tà. Páànù tí mo fi pamọ́ láti fi tún òrùlé wa ṣe, mo ti tà á jẹ. Ilé ń jò, ọmọ mi. Mo máa ń gbọ́ kíkán rẹ̀ láti ìsọ̀.’ Ó nu imú. ‘Ẹja yẹn, mi ò rí i rí.’

Ó ń sọ ọ́ torí ó dá a lójú pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń fi irọ́ bọ́ gbogbo ilé tó ń gbọ́ ọ, nígbà tó wá rí òfìfo, ó sọ òótọ́ fún un.

Ẹ̀yìn ìgbà díẹ̀ ni Rúkà ṣí ojú, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ọjọ́ tí a gbé e délé, òjò ń rọ̀, bàbá mi sì ti padà di Àlájì. Ó jókòó sí àga rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. ‘Ṣé ẹ rí i?’ ó ní. ‘Mo ti rí i nínú mi pé ara ọmọ yìí le. Mi ò gbà fún àìsàn, àìsàn sì gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ.’ Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ aláìníbọ̀sẹ̀, kò mẹ́nu kan abẹ́rẹ́ rárá. Ìyá mi ń bu ògì fún Rúkà. Ìyá Àgbà ń rin àgbọn lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, haràn, haràn. Abọ́ búlúù wà ní ipò rẹ̀, tó, tó, tó.

‘Bàbá,’ ni Rúkà wí.

‘Ọmọ mi.’

‘Ṣé ẹ̀rù ò bà yín mọ́?’

Ìró ìrin dúró. ‘Ẹ̀rù wo?’ ni bàbá mi wí.

‘Èyí tí ẹ sọ fún mi lọ́sibítù. Ẹ ní ẹ máa ń gbọ́ kíkán rẹ̀ láti ìsọ̀.’ Ó gbé ògì mì. ‘Èmi náà ò rí ẹja yẹn rí, Bàbá. Ẹ má bínú. Bọ̀dá Mùfú, bisikí mi dà?’

‘Dókítà ní o ò gbọ́,’ bàbá mi wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

‘Mò ń gbọ́. Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀.’

Èmi náà ti wà ní ìsọ̀ páànù ní Mowo báyìí, èmi àti bàbá mi, Rúkà sì ń ránṣọ ní ojúlé kejì sí wa. Mo bi í láìpẹ́ yìí ibi tó wà ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn tí a fi ń pè é tí kò dáhùn. Ó gé òwú lẹ́nu aṣọ kó tó dá mi lóhùn. Ó ní, ‘Mo wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ lọ.’ Tí ó bá kí mi pé ‘Ṣé ara le?’ mo máa ń dúró kí n tó dáhùn, òun náà á sì dúró kó gbọ́ ọ tán.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ òjò yẹn, bàbá mi gbé ẹsẹ̀ tó gbé lé èkejì sílẹ̀. Ó gbé ojú sókè, síbi tí páànù ti ya. Ó ń wò ó bí ìgbà tí èèyàn bá pàdé ojúlùmọ̀ tó ti ń sá fún. Omi kán. Ó rí i bó ṣe kán, ojú rẹ̀ bá a wálẹ̀ láti òrùlé dé inú abọ́.

‘Mùfú,’ ó ní, ‘gbé abọ́ yẹn. Ilé ń jò.’

Mo gbé e jáde, mo sì wo inú rẹ̀ dáadáa kí n tó dà á nù. Omi ni.